Orúkọ Tí Ó Yẹ Ijó Ìgboro

Àwa Yorùbá kì í sọ ọmọ lórúkọ nínú òkùnkùn. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ náà mú orúkọ tirẹ̀ bọ̀ láti ọ̀run, ara rẹ̀ ni à ń wò: bí ó bá fi ẹsẹ̀ yọ sáyé, Ìgè ni, bí ó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn, Òjó tàbí Àìná ni, bí irun orí rẹ̀ bá ta kókó, Dàda ni, ẹni tí ó bá sì gbọ́ orúkọ náà ti mọ bí ọmọ ti wá sáyé láìjẹ́ pé ó bi ìyá rẹ̀ léèrè. Ìlànà àtayébáyé yìí ni mo fẹ́ kí á tẹ̀ lé nínú iṣẹ́ kan tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń dúró dè wá, èyíinì ni wíwá orúkọ Yorùbá fún àwọn ijó tí àwọn ọ̀dọ́ dá sílẹ̀ ní ìgboro àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà ní bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n sì ti tàn ká gbogbo ayé báyìí. Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, tí mo sì ń kà nínú ìwé ìròyìn, ni pé bí wọ́n bá ti rí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ijó kan, wọn a mú ọ̀rọ̀ náà, wọn a túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọn a sì gbé e lé wa lọ́wọ́ láìwo ijó náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kú.

Kì í ṣe pé èdè wa tòṣì ní ti ijó. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ wọ́n wa, kí ó lọ dúró ní ẹ̀bá agbo níbi tí àwọn ọmọ Àyàn Àgalú, asọ̀rọ̀ igi, bá ti ń lu bàtá, tí ìyáàlù ń pa òwe, tí omele ń ké wéréwéré lẹ́yìn rẹ̀; yóò gbọ́ pé oníjó ń bẹ́, ó ń gbọn èjìká, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yí bírí, ó ń pòòyì, ó ń ta òkìtì, ijó sì ń gùn ún. Àwọn egúngún aláré ti ń fi òkìtì àti idán dá àwọn Aláàfin lára yá kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà ilẹ̀ wa. Nígbà tí Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì, sì dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826, irú eré yìí ni ọba fi ṣe é lálejò, tí eléré kan gbé ẹ̀kú òjòlá wọ̀, tí òmíràn sì sọ ara rẹ̀ di òyìnbó lójú àwọn òyìnbó. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ jìngbìnnì. Ohun tí ó kù ni kí á mọ èyí tí ó yẹ kí á mú, kí á sì mọ ìdí tí a fi mú un.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí òkìkí rẹ̀ pọ̀ jù, tí àwọn Amẹ́ríkà ń pè ní breaking. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí fífọ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní ijó fífọ́. Bí àgbàlagbà kan bá gbọ́ èyí, yóò béèrè pé kí ni ó fọ́, ta ni ó sì fọ́ ọ, ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ kò sì ní rí èsì kan fún un, nítorí pé kò wo ilé kí ó tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ilé náà nìyí. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ ọdún 1973, ní ilé alájà púpọ̀ kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1520 ní òpópónà Sedgwick, ní àdúgbò Bronx nínú ìlú New York, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Cindy Campbell ṣe òde ijó nínú gbọ̀ngán ilé náà, kí ó lè rí owó fi ra aṣọ tí yóò wọ̀ padà sí ilé ẹ̀kọ́. Sẹ́ńtì 25 ni obìnrin ń san kí ó tó wọlé, sẹ́ńtì 50 ni ti ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Clive, tí a bí ní Kingston ní ilẹ̀ Jàmáíkà, tí ó dé Bronx ní ọdún 1967, tí gbogbo àdúgbò sì mọ̀ sí Kool Herc, ni ó wà nídìí ẹ̀rọ orin. Herc ti ṣàkíyèsí ohun kan nínú àwo orin James Brown àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ibì kan máa ń wà tí akọrin yóò dákẹ́, tí fèrè yóò dákẹ́, tí gìtá yóò fà sẹ́yìn, tí yóò ku ìlù, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré; ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn tí ó mọ ijó jó jùlọ, tí wọ́n ti fẹ̀yìn ti ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ orin, máa ń ya wọ inú agbo. Kí ni Herc wá ṣe? Ó wá ẹ̀dà méjì àwo orin kan náà, ó gbé wọn lé orí ẹ̀rọ méjì. Bí ìlù ti ọwọ́ ọ̀tún bá ti ń lọ sópin, á ti mú ti ọwọ́ òsì dé ibi tí ìlù ti bẹ̀rẹ̀, á tú u sílẹ̀, á sì fi ìka dá ti ọ̀tún padà sẹ́yìn. Bí òsì bá fẹ́ parí, ọ̀tún á tún gbà á. Báyìí ni ìlù tí kò tó ìṣẹ́jú kan ṣe di ìlù ìṣẹ́jú mélòó kan, tí kò sì já. Ibi tí orin ti dákẹ́ tí ìlù ń ké yìí ni wọ́n ń pè ní break, àwọn tí wọ́n ń dúró dè é kí wọ́n tó jó ni Herc sì fi orúkọ rẹ̀ pè, lọ́kùnrin àti lóbìnrin.

Kì í ṣe ijó ni ó fọ́, kì í sì í ṣe eegun oníjó. Ìlù ni ó ń dá dún. Nítorí náà ni mo ṣe pe ibẹ̀ nínú orin ní àdádún, tí mo pe ijó náà ní ijó àdádún, tí mo sì pe ẹni tí ń jó o ní ọmọ àdádún, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, nítorí pé èdè wa kò béèrè ìyàtọ̀ yẹn níbẹ̀. Àwa tí a ń sọ pé ẹnì kan ń dá rìn, ó ń dá gbé, ó ń dá jẹun, a kò lè ṣi orúkọ yìí gbọ́: ìlù tí gbogbo ohun èlò yòókù fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún, tí ó ń dá dún, ni. Ẹni tí ó bá sì ti gbọ́ jùjú àti fújì, tí ó mọ bí ọ̀gá akọrin ti í fi ọwọ́ júwe pé kí gbogbo wọn dákẹ́ kí gángan lè sọ tẹnu rẹ̀, yóò mọ̀ pé ohun tí à ń wí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa rárá, orúkọ ni a kò tíì fún un.

Ẹnì kan lè sọ pé Herc fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé, nínú èdè ìgboro Bronx nígbà náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, tí orí rẹ̀ yá gágá, tí ó ń ṣe bí ẹni tí òòṣà gùn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ kan kì í ru gbogbo ẹrù, ìtumọ̀ kejì yìí sì ti ní ilé tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa: a ó sọ pé ijó ń gun ọmọ àdádún náà, olúwarẹ̀ yóò sì rí ojú rẹ̀ àti òógùn rẹ̀. Ní ti orúkọ náà breakdance, àwọn oníròyìn ni ó tàn án kálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dá ijó náà sílẹ̀ kò sì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Kí a má ṣe fi èyí tí onílé kọ̀ ṣe ìpìlẹ̀ tiwa.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sí Bronx, nítorí pé mo ti rí àwọn kan tí ń kọ̀wé nípa ijó yìí bí ẹni pé inú ọ̀pọ̀ ni ó ti jáde. Láti ọdún 1948 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà ńlá kan gba àárín Bronx kọjá, lábẹ́ àṣẹ Robert Moses, alágbára ìlú New York nígbà náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni wọ́n lé kúrò nílé wọn. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1970, ilé lẹ́yìn ilé ni ó ń jóná ní apá gúúsù Bronx, iṣẹ́ wọ́n, ìjọba sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé àwọn adúláwọ̀ àti àwọn ọmọ Puerto Rico tí ó kù síbẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní gbọ̀ngán ijó, wọn kò ní olùkọ́. Wọ́n tú páálí sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n tẹ́ ẹ sórí kọnkéré, wọ́n sì ń yí lórí rẹ̀. Ní ọdún 1977 ni wọ́n dá Rock Steady Crew sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1981, ẹgbẹ́ náà àti Dynamic Rockers láti Queens fi ijó ko ara wọn lójú ní Lincoln Center, ilé eré tí àwọn ọlọ́lá ìlú náà ń lọ. Ní irú ìdíje báyìí, wọn kì í fọwọ́ kan ara wọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn. Ìfagagbága ni ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu wa fún un, kò sì sí ìdí láti wá òmíràn. Àyíká tí àwọn òǹwòran ṣe, tí oníjó kan ń wọ̀ lẹ́yìn òmíràn, agbo ni. Agbo ijó ni ó jẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ó ti di àṣà àwa kan láti fa gbogbo ohun tí ó bá dára lẹ́yìn òkun wá sí Ilé-Ifẹ̀. Èmi kò lọ́wọ́ sí i. Lóòótọ́, àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú gbé bàtá dé Kúbà, bàtá náà wà níbẹ̀ títí di òní. Lóòótọ́, àwọn onílù bí Francisco Aguabella àti Julito Collazo gba ọ̀dọ̀ Katherine Dunham, oníjó ọmọ Amẹ́ríkà, gbé e wọ Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950. Lóòótọ́ sì ni pé inú ìlù àwọn ará Kúbà àti Puerto Rico ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Bronx wọ̀nyí dàgbà sí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn tí ó kọ́kọ́ jó ijó àdádún léèrè ibi tí wọ́n ti rí ẹsẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ James Brown ni wọ́n ń dárúkọ, pàápàá nínú orin rẹ̀ ti ọdún 1972 tí ó pe ijó kan ní ẹsẹ̀ rere, wọ́n sì tún ń dárúkọ àwọn fíìmù ìjà àwọn ará Ṣáínà. James Brown yìí kan náà wá sí Èkó àkéte, ìlú ọgbọ́n, ní ọdún 1970, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lọ gbọ́ orin Fẹlá. Ohun tí a mọ̀ tó wa láti fi yangàn, kí á má ṣe fi èyí tí a kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kún un.

Ijó àdádún ní ìpele tirẹ̀. Bí ọmọ àdádún bá wọ agbo, ìnàró ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kan dábùú èkejì níwájú, ó ń ju apá, ó ń fi ara rẹ̀ han àwọn tí ó wà níkàlẹ̀. Èyí ni mo pè ní ijó òòró. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ̀ sínú ijó ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní ijó ilẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ kí á lè rí i pé Yorùbá lè kọ́ni ní i láìyá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Oníjó yóò fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Ní ìkíní, yóò ká ẹsẹ̀ òsì wá síwájú gba abẹ́ ara rẹ̀, yóò sì gbé ọwọ́ kan kúrò nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè ráyè kọjá. Ní ìkejì, yóò mú ẹsẹ̀ ọ̀tún wá sí ẹ̀yìn orúnkún òsì. Ní ìkẹta, yóò tú ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, tí yóò fi lóṣòó, tí ìdí rẹ̀ kò kan ilẹ̀, tí àyà rẹ̀ kọjú sókè. Ní ìkẹrin, ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò dábùú ti òsì níwájú. Ní ìkarùn-ún, òsì yóò padà sẹ́yìn. Ní ìkẹfà, ọ̀tún yóò tẹ̀ lé e, oníjó yóò sì ti yí òbíríkítí kan po lórí ọwọ́ rẹ̀ láìdìde. Ẹni tí ó bá ka àwọn gbólóhùn wọ̀nyí sókè fún ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kí ó sì wò ó bí kò ní jó o.

Àwọn ẹsẹ̀ tí ó gba agbára ńlá, tí gbogbo ara ń yí lórí ohun kan ṣoṣo, òkìtì ni mo kó wọn sí lápapọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́dọ̀ àwọn egúngún aláré. Èyí tí oníjó fi orí gúnlẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, tí ó sì ń yí, òòyì orí ni. Èyí tí ó ń ti èjìká kan yí bọ́ sórí èkejì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ là sí méjì tí ó ń gbá afẹ́fẹ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rọ ìlọkà tí afẹ́fẹ́ ń yí sọ ọ́ lórúkọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sí ní Ọ̀yọ́, kò sí ní Ìjẹ̀bú, kò sí ní Èkìtì, nítorí náà òòyì èjìká ni yóò máa jẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni ìdúró òjijì. Ìlù yóò ké dé góńgó, oníjó yóò sì dúró ní ipò tí ojú kò retí, bóyá lórí ọwọ́ kan, bóyá lórí ìgbọ̀nwọ́, bóyá tí àtàrí rẹ̀ wà nílẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká lókè. Kò ní mì, ìpéǹpéjú rẹ̀ kò sì ní ṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó dì bí omi tí òtútù mú. Omi kì í dì ní ilẹ̀ wa bí kò ṣe nínú ẹ̀rọ, àpèjúwe yẹn kò sì wọ̀ wá lára. Ère ni oníjó dà, nítorí náà ìdère ni mo pe ìdúró yìí, a ó sì sọ pé ọmọ àdádún náà dère. Àwọn àgbà ní ọjọ́ tí a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Nínú agbo ijó nìkan ni mo ti rí ẹni tí ó dère láàyè, tí a sì kan sáárá sí i ní ojú ara rẹ̀. Kí òǹkọ̀wé má fi àmì ohùn ṣeré níbẹ̀, nítorí pé Ìdèrè, ìlú àwọn ará Ìbàràpá, jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àṣìṣe mìíràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé a máa ń kó gbogbo ijó ìgboro pọ̀ mọ́ ti Bronx. Ní etíkun kejì, ní Califóníà, tí ó jìnnà sí New York ju bí Èkó ti jìnnà sí Dàkà lọ, ìlà mìíràn ni àwọn ọ̀dọ́ kọ. Ní nǹkan bí ọdún 1970, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Los Angeles, Don Campbell, ń kọ́ ijó tí ó lókìkí nígbà náà, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ṣàpèjúwe. Ẹsẹ̀ tí ó kàn a máa rú u lójú, apá rẹ̀ a sì dúró gán-ín lójú ọ̀nà kí ó tó rántí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n nàka sí i, òun náà sì nàka padà sí wọn lórí ìlù. Bí ìdúró gán-ín àti ìnàka ṣe di ijó nìyẹn. Nígbà tí òun àti oníjó kan, Toni Basil, fi kó ẹgbẹ́ The Lockers jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, gbogbo Amẹ́ríkà ti rí ijó náà lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Soul Train. Títì ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń wí, bí a ti í ti ilẹ̀kùn, lọ́tẹ̀ yìí sì ni Gẹ̀ẹ́sì àti ijó náà fi ẹnu kò, nítorí pé oríkèé ni ó ń tì pa, tí ó sì tún ń ṣí. Ijó àtìpa ni mo pè é.

Ijó ti ìlú Fresno, ní Califóníà kan náà, ni ó fún mi ní wàhálà. Ní ọdún 1977, Sam Solomon, tí wọ́n ń pè ní Boogaloo Sam, dá ẹgbẹ́ Electric Boogaloos sílẹ̀ níbẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń ṣe ni pé wọ́n ń mú iṣan apá, ti itan, ti àyà àti ti ọrùn le lójijì, wọ́n sì ń dẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ìlù bá ti dún lẹ́ẹ̀kan ni ara yóò ta lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni tagìrì. Ó dùn lẹ́nu, ó sì bá ìṣesí ara mu, ṣùgbọ́n gìrì ni orúkọ àìsàn tí ń gbé ọmọ ọwọ́, kò sì sí ìyá tí ó ti kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀ lóru nítorí gìrì tí yóò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun ń fi í jó. Èdè ní ọgbẹ́ tirẹ̀ tí a kì í fọwọ́ kàn. Nítorí náà mo fi tagìrì sílẹ̀, mo sì mú ijó iṣan, nítorí pé iṣan ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Bí ó bá le tí ó sì dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ó ní iṣan ta. Kò ní ariwo, ṣùgbọ́n òtítọ́ wà nínú rẹ̀.

Láti inú àgbàlá ijó iṣan yìí ni ẹsẹ̀ tí ayé mọ̀ mọ́ Michael Jackson ti jáde, èyí tí ó jó níbi àjọ̀dún ilé iṣẹ́ Motown tí wọ́n fi hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní oṣù karùn-ún ọdún 1983. Àwọn ènìyàn wa ń pè é ní ìrìn orí òṣùpá. Orúkọ tí àwọn oníjó fi ń pè é kí Michael tó jó o ń wí pé oníjó ń yọ̀ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí: ojú rẹ̀ kọ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé ó ń rìn lọ, ilẹ̀ sì ń yọ́ ọ gbé lọ sẹ́yìn. Ìfẹ̀yìnyọ̀ ni mo pè é, ní àbúrò sí fífẹ̀yìnrìn tí a ti mọ̀. Jeffrey Daniel ti ẹgbẹ́ Shalamar ti jó o lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1982, kí ayé tó rí i lẹ́sẹ̀ Michael. Ọkùnrin náà wá gbé Èkó lẹ́yìn náà, ó sì jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ nínú ìdíje Nigerian Idol. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó rí i lórí àga yẹn ni kò mọ ẹni tí ó jẹ́.

Èmi kò ní pẹ́ lórí àwọn yòókù. Ijó tí wọ́n ń pè ní house gba orúkọ rẹ̀ láti ara The Warehouse, ilé ijó kan ní Chicago, nítorí náà ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí ijó ilé ti ṣìnà, kò sì burú kí á fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà. Voguing ń jẹ́ orúkọ ìwé ìròyìn aṣọ, a kì í sì í túmọ̀ orúkọ ìwé ìròyìn. Krump bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù Los Angeles lẹ́yìn tí Tommy the Clown ti fi ijó aláwàdà kó àwọn ọmọdé jọ láti ọdún 1992. Àwọn ọ̀dọ́ bí Tight Eyez àti Big Mijo ni ó sọ ọ́ di ohun ìbínú, ohun ẹkún àti ohun àdúrà. Kí á fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, kí á máa pè é ní krump, ṣùgbọ́n kí á lo ọ̀rọ̀ tiwa fún ohun tí ara ń ṣe nínú rẹ̀: ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ń gbọn àyà, ó ń ju apá. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Díjéè ti di tiwa, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á lẹ́nu àwọn ọmọ Muṣin mọ́.

Ìgboro tiwa pàápàá ti fi ìlànà yìí hàn wá láìjẹ́ pé ọ̀mọ̀wé kan jókòó lé e lórí. Alùpùpù ni a pe ọ̀kadà, láti inú ariwo tí ó ń pa. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni a pe rédíò, láti inú ìwà rẹ̀. Àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ ní galala ní àwọn ọdún 1990, tí Daddy Showkey gbé lókìkí. Ní nǹkan bí ọdún 2017 ni ṣaku ṣaku gba gbogbo Èkó kan, tí apá méjèèjì dábùú ara wọn níwájú àyà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni zanku tí orin Zlatan sọ di ìlú mọ̀ọ́ká, tí ẹsẹ̀ ń ta tí ó sì ń janlẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá sì fẹ́ kí ẹnì kan jó, gbẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń ké sí i. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó lórí gbẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú agbo ni ó rí ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe, ó sì sọ ọ́ jáde. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa tí ó ṣe ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ṣe iṣẹ́ tí a kò lè gbàgbé láé, ṣùgbọ́n ní ti ijó, inú agbo ni ìwé náà ní láti ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó dé orí tábìlì.

Mo ń wí báyìí nítorí pé ijó àdádún kì í ṣe eré ọmọ títì nìkan mọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án àti ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 2024, wọ́n jó o nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Paris, ní gbàgede Place de la Concorde. Ami, ọmọbìnrin ilẹ̀ Jàpáànù, ni ó gba wúrà láàárín àwọn obìnrin, Phil Wizard ti ilẹ̀ Kánádà sì gbà á láàárín àwọn ọkùnrin. Ọ̀nà márùn-ún ni àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án fi ń wọn oníjó, ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún àkójọ ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn pè: wọ́n ń wò bóyá ẹsẹ̀ tí oníjó ní pọ̀, bóyá kò tún ọ̀kan pa. Àwa ti ń pe ijó ní ẹsẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nítorí náà ìpọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ kí á máa pe òṣùwọ̀n yìí. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa tí ó ròyìn rẹ̀ lédè Yorùbá lọ́jọ́ náà kò ní ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ ju pé ọmọ náà ń yí, ó tún ń yí.

Wọ́n ti fi ijó yìí sí ìdíje Òlíḿpíìkì àwọn ọ̀dọ́ tí yóò wáyé ní Dàkà, ní ilẹ̀ Senegal, ní ọdún 2026, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ròyìn eré ìdárayá lórí rédíò ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta àti ní Kútọnu, mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró di ọjọ́ náà. Ẹ lọ bá àwọn ọ̀dọ́ tí ń jó o ní àdúgbò yín, ẹ ka àdádún, ijó òòró, ẹsẹ̀ mẹ́fà, òòyì èjìká àti ìdère sétí wọn, kí ẹ sì wo èyí tí wọ́n gbà àti èyí tí wọ́n kọ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ̀, ẹ jù ú nù, àní bí ó jẹ́ èmi ni mo dá a. Èyí tí wọ́n bá fi òmíràn rọ́pò, tiwọn ni kí ẹ kọ sílẹ̀.